Ìbọn Wo Ni Ó Yẹ Kí Ó Wà Nílé Wa?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan náà, a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí àgbẹ̀ Adó tàbí Ìjerò bá ń bi ara rẹ̀ pé: irú ìbọn wo ni kí n ní?

Òfin ọdún 1959 ti dáhùn. Ìbọn ológun, ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ kò sí fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Ìbọn ọdẹ olójú méjì ń fẹ́ ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ṣakabùlà pàápàá, tí à ń ki ẹtù sí lẹ́nu, kò gbọdọ̀ wà láìgba àṣẹ.

Nítorí náà, ẹyọ kan tí ó ní ìwé, tí olówó rẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, tí a sì tì mọ́ àpótí, sàn ju mẹ́wàá tí a fi ń yangàn. Àwọn àgbà ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ìbọn kò níṣẹ́ kankan níbi ìdìbò.

Ṣùgbọ́n ìbọn inú ilé kò lè ṣọ́ ojú ọ̀nà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà wa gbé kalẹ̀ ní 2020, ni èyí. Kí ìjọba ró wọn lágbára, kí a lè lọ sóko, kí a sì bọ̀.