Àwòrán agbábọ́ọ̀lù olówó pọ́ọ́kú: ta ni yóò tẹ ti àwọn ọmọ Benin?

Ọmọ ilé-ìwé tó ń gbé ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, lè ka orúkọ Mbappé, Messi àti Osimhen láìkọsẹ̀. Kì í ṣe inú ìwé kíkà ló ti kọ́ wọn. Ẹ̀yìn ìwé àjákọ ni, ara ògiri ìsọ̀ agẹrun ni, ẹ̀yìn ẹ̀wù tí wọ́n ń tà lọ́jà Igolo ni. Níbi tí ojú bá ti rí àwòrán tí orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀, ìwé kíkà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń bójú tó ètò mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà fojú sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ń fa ọmọdé súnmọ́ ìwé láìsí pàṣán kò pọ̀.

Kíkó àwòrán eléré ìdárayá jọ ti pẹ́ láyé. Ní Amẹ́ríkà, káàdì àwọn tó ń ṣe eré baseball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ni wọ́n ń kó jọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n ta káàdì Mickey Mantle kan ṣoṣo, tí wọ́n tẹ̀ ní 1952, ní mílíọ̀nù dọ́là 12.6. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ olówó ni. Àmọ́ àwọn kan wà tí káàdì olówó pọ́ọ́kú ń tẹ́ lọ́rùn, pàápàá ti àwọn tó lọ ṣojú orílẹ̀-èdè wọn nínú ìdíje àgbáyé. Gift Ngoepe gbá baseball fún Gúúsù Áfíríkà nínú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní 2009, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn. Ní 2017 ló di ọmọ tí a bí sí ilẹ̀ Áfíríkà tó kọ́kọ́ wọ ìdíje tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá tọ́jú àwòrán irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n, ìtàn ló tọ́jú.

Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Ilé-iṣẹ́ Panini, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Modena ní Ítálì ní 1961, ló ń tẹ àwòrán alálẹ̀mọ́ tí ọmọdé ń lẹ̀ mọ́ inú álíbọ́ọ̀mù. Ní 1970, nígbà ìdíje Mẹ́síkò, ni ó ṣe ti Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ojú-ewé Benin nínú rẹ̀, nítorí pé Benin kò tíì dé ibẹ̀ rí. Díẹ̀ ló kù kó dé e. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Benin ló wà lókè ìsọ̀rí rẹ̀ nígbà tó wọ pápá ní Uyo, ṣùgbọ́n Nàìjíríà na án ní góòlù mẹ́rin sí òdo, Osimhen nìkan gbá mẹ́ta wọlé, Gúúsù Áfíríkà sì gba àyè náà lọ. Ìfọ̀nyìn, tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n lè wà níhìn-ín kí àbúrò wà ní Ìdí-Ìrókò, kò mọ èyí tí yóò ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún lọ́jọ́ náà. Nàìjíríà tó na Benin pàápàá kò rí Ife Ẹ̀yẹ náà lọ.

Bí ojú-ewé bá tilẹ̀ wà, owó ńkọ́? Àwòrán 670 ló wà nínú álíbọ́ọ̀mù ti Qatar 2022, márùn-ún nínú àpò pélébé kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí àwítúnwí kankan, àpò 134 ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ àpò náà pa, ẹni tó ń rà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá dá nìkan ń rà á láìbá ẹnikẹ́ni pààrọ̀ yóò ra nǹkan bí 950 àpò kó tó pé, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ti fi hàn. Tẹ́tẹ́ ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi bébà aláwọ̀ mèremère wé e. Bàbá tó bá kọ̀ láti fún ọmọ lówó rẹ̀ kò jẹ̀bi. Pàṣípààrọ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ di ohun tí aláìní lè ṣe: kí ọmọ mẹ́wàá jókòó, kí wọ́n ka nọ́ńbà, kí wọ́n kọ èyí tó kù sílẹ̀, kí wọ́n dúnàádúrà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, àpò tí wọ́n lẹ̀ pa kò sì fi nǹkan kan kún un.

Kí wọ́n tẹ káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù Benin níhìn-ín, ní Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu, kí wọ́n tà á ní gbangba, kí ọmọ mú èyí tó wù ú. Kó má ju fáráǹkì 25 lọ. Kí Faransé wà lójú kan, kí èdè Yorùbá wà lójú kejì. Ti Gùn àti Fọ̀n yóò ní ti wọn.

Ohun tí wọn yóò kọ sí i kò wọ́n. Ní 2019, ní Íjíbítì, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ẹgbẹ́ náà ní Ọ̀kẹ́rẹ́, Mickaël Poté gbá góòlù méjì sílé Gánà. Moïse Adilehou gbá ọ̀kan sílé Mòrókò, Benin sì fi pẹ̀nálítì lé Mòrókò lọ, ó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Sẹ̀nẹ̀gà ló dá a dúró pẹ̀lú góòlù kan. Ọmọ tó pé ọdún mẹ́wàá lónìí kò lè rántí rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ náà pẹ̀lú. Lórí ìwé Faransé, Junior Olaitan ni wọ́n ń kọ. Ojú káàdì Yorùbá yóò kọ Ọláìtán, ọmọ yóò sì mọ̀ pé ọlá tí kì í tán ni. Tosin Aiyegun, tí wọ́n bí ní Èkó, tó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Benin, yóò di Tósìn. Nínú Adéoti, àmì orí «e» jẹ́ ti Faransé. Kò sọ ohùn kankan fún ẹni tó ń kà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì tán ní kíláàsì àgbà, tí kò rí ohun tí yóò kà mọ́, yóò rí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún nípa ẹni tó ti fi ojú rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ìyẹn tó o fún ìrọ̀lẹ́ kan.

Àwọn kan yóò ní bọ́ọ̀lù ti gba ọkàn ọmọ jù. Ó ti gbà á kí káàdì tó dé. Ohun tó ṣòro jùyẹn lọ ni àṣẹ: àwòrán agbábọ́ọ̀lù nínú ẹ̀wù orílẹ̀-èdè kì í ṣe ohun tí atẹ̀wé kàn lè mú lò. Àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀lù ní Benin ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí, kí ìdíje tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.