Rélùwéè Tí Kò Dé Igbaruku

Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí ẹni méjì mẹ́ta bá ti jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìwé tí a kà ní kékeré kì í pẹ́ jáde. Ẹnì kan á ní ìwé ti tán láyé. Ẹnì kejì á ní àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ̀ ju fóònù lọ. Ẹnì kẹta á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ àwọn ìwé tó kà lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ki oríkì ìdílé rẹ̀, ìwé tí rélùwéè wà nínú rẹ̀ kì í sì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Àárò àwọn ìwé wọ̀nyí ń sọ èmi náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti bá àárò náà rò, ẹjọ́ ọ̀hún ni mo sì gbé wá síwájú yín yìí.

Ọmọ Igbaruku ni mí, ní ilẹ̀ Yàgbà, lára àwa Okun tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ̀ pé kò sí irin rélùwéè tó gba ẹ̀bá ibẹ̀ kọjá rí. Nítorí náà, inú àpótí bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí rélùwéè. Àpótí onípákó tó gbé lọ sí ilé-ìwé girama ni. Ìwé ló kún inú rẹ̀, ikán àti aáyán sì ti jẹ nínú wọn. Méjì nínú ìwé náà ni kò kúrò lọ́wọ́ mi fún odidi ọdún méjì. Ọ̀kan ni The Passport of Mallam Ilia tí Cyprian Ekwensi kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1960. Inú rélùwéè ni bàbá arúgbó inú ìwé náà ti ń sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ìtàn ìfẹ́ àti ìjà àti ẹ̀san. Èkejì kò ní ẹ̀yìn mọ́, ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ kò ṣeé gbàgbé: àwọn ọkọ̀ ojú irin tó ní ojú, imú àti ẹnu bí ènìyàn, tí wọ́n ń bínú, tí wọ́n ń jowú, tí wọ́n ń fọ́nnu síra wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń ka ti òyìnbó náà sí wa létí, nítorí pé òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù. Bí ó bá dé ibi tí yìnyín ti bo ojú irin mọ́lẹ̀, àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀. Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tó ń bá òjò àkọ́rọ̀ bọ̀, tí a ń sáré ṣà sẹ́nu kó tó yọ́. Báwo ni irú èyí ṣe lè dá rélùwéè dúró? A gbé e lọ bá olùkọ́ wa. Ó ní kí a lọ jókòó, pé kò sí nínú ìdánwò. Àwa náà bá tiwa lọ. Ní àkókò ọyẹ́, bí ilé-ìwé bá ti jáde, a ó tò gọọrọgọ, oníkálukú á di aṣọ ẹni iwájú rẹ̀ mú, ẹni àkọ́kọ́ á máa ké bíi fèrè ọkọ̀, a ó sì sáré bẹ́ẹ̀ títí dé odò. Kò sí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdí ọkọ̀ nítorí eruku. Èmi ni mo sábà máa ń ṣe é, torí pé èmi ni mo kéré jù.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo wá mọ ibi tí ìwé aláwòrán náà ti ṣẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Awdry, ló fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tu ọmọ rẹ̀ nínú nígbà tí èéyi dá a dùbúlẹ̀, lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì. Ìwé àkọ́kọ́ jáde ní 1945. Thomas tí gbogbo ayé mọ̀ dé nínú èkejì, ní 1946. Ní 1984 ó dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ó di ọdún 2018 kí wọ́n tó mú ọkọ̀ kan wọlé nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n náà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, Nia láti Kenya. Ṣáájú Awdry, E. Nesbit ti kọ The Railway Children ní 1906, nípa àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n fi aṣọ pupa dá rélùwéè dúró kó má baà kọlu ilẹ̀ tó ya.

N kò ní tìtorí pé òyìnbó ló kọ wọ́n kí n wá sọ pé wọn kò dára. Wọ́n dára púpọ̀. Ìdí tí wọ́n sì fi dára ni pé ẹni tó kọ wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Awdry a máa tẹnu mọ́ ọn pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ojú irin gidi ló wà nídìí àwọn ìtàn òun. Ó mọ ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ kọ̀ láti gun òkè. Ó mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù àti ti akérò. Kò bu ọmọdé kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tìdí rẹ̀ yọ: erékùṣù Sodor, tí kò sí nínú àwòrán ilẹ̀ kankan, ni mo mọ tinú tẹ̀yìn, kí n tó mọ̀ pé rélùwéè gidi wà ní Ọ̀ffà, níbi tí ìyá bàbá mi ti wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Èkó. Wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ó gba Òṣogbo àti Ọ̀ffà, ó dé Ìlọrin, nígbà tó sì fi máa di 1909 ó ti dé Jẹ́bà létí odò Ọya. Ní 1907 wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti Bárò, ìyẹn sì dé Kánò ní 1911. Ní 1912 wọ́n so méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa: irin Èkó ń gba ìwọ̀-oòrùn wa lọ, ti Bárò bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì Ọya, àwa Okun sì wà láàárín. Òwú àti ẹ̀pà ilẹ̀ Hausa ni wọ́n ń wá, àti kòkó ilẹ̀ Yorùbá; kì í ṣe iṣu tiwa.

Pé irin kò dé ọ̀dọ̀ wa kò ní kí àwọn ènìyàn wa má dé ìdí irin. Ìyá bàbá mi ru èlùbọ́ dé Ọ̀ffà nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Ó ní wọ́n á sun ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó débẹ̀. Ìgbàkúùgbà tó bá ń sọ ọ́, orí òórùn ló máa ń ti bẹ̀rẹ̀: òórùn èédú, òórùn ìrù, òórùn ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tó gbà gbé sẹ́sẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti dé orí afárá Jẹ́bà, gbogbo èrò á pa lọ́lọ́, àwọn àgbà á sì ju kọ́bọ̀ sínú Ọya. Ó ní rélùwéè ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń gun òkè, ohun tó ń wí ni “Ẹrù yìí mà wúwo, ẹrù yìí mà wúwo”; bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á ní “Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.” Obìnrin Nupe tó jókòó tì í ní ọ̀tọ̀ ni ohun tí òun ń gbọ́ ní tòun, àwọn méjèèjì sì fi àríyànjiyàn náà dé Mìnnà.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló kọ èyí sínú ìwé fún ọmọdé? Nínú àwọn ìwé Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì, ojú ewé tí wọ́n ti ń to ohun ìrìnnà ni a ti ń rí rélùwéè: kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfurufú. Àwòrán kan, orúkọ kan, ó parí. (Bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n ń bẹ nínú orúkọ yẹn o. Ọkọ̀ tí àwọn baba wa fi ń sọdá odò ni wọ́n mú, tí wọ́n fi irin kún un. Wọn kò yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi àwa tí a tún ń pè é ní rélùwéè.)

Nǹkan mìíràn wà tí àárò máa ń bò mọ́lẹ̀. Nínú ìwé òyìnbó yẹn, ńṣe ni èédú ń dé inú ọkọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ló ti já bọ́. Ilẹ̀ Enugu ni èédú tiwa ti ń wá, àwọn ènìyàn ló sì ń wà á. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 níbẹ̀, ní Iva Valley, lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó kárí ilẹ̀ yìí, tó sì lé ní ogójì ọjọ́. Ogun ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó oṣù sì wà níbi tó wà. Láti 1943 ni ìjọba ti lé Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Auchi kó má baà dá wàhálà sílẹ̀ l'Ékòó. Kò tí ì pé oṣù kan tó padà dé tí iṣẹ́ fi dúró.

Ẹ má sọ fún mi pé ọmọdé kò lè gbọ́ irú ìtàn yìí. Ọmọ tó ń gbọ́ bí ìjàpá ṣe já láti ọ̀run tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́ wẹ́wẹ́, tó ń gbọ́ ti ìyàwó burúkú tó ṣe ọmọ orogún níṣekúṣe, tó sì sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ pé òṣìṣẹ́ rélùwéè sọ pé ebi ń pa òun. Sembène Ousmane ti ilẹ̀ Senegal mú ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti Dakar lọ sí odò Niger, èyí tó wáyé ní 1947 sí 1948, ó fi kọ ìwé ìtàn tó jáde ní 1960. Ti àgbàlagbà ni ìyẹn, mo mọ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ìtàn wà nídìí irin wa tó ju ti ọkọ̀ tó ń jowú ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan bi mí pé kí ni ọmọ Yàgbà fẹ́ fi ìtàn rélùwéè ṣe, pé bí mo bá fẹ́ kọ̀wé, kí n kọ ti ọ̀kadà. Ẹ̀rín pa mí, nítorí òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n rélùwéè ti dé ìpínlẹ̀ wa. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irin tó ti Itakpe gba Ajaokuta lọ sí ìhà Warri, kó lè máa kó òkúta irin. Ó di 2020 kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó ráyè wọ̀ ọ́. Ọmọ Kàbà tó bá fẹ́ fi ojú rí rélùwéè lónìí, kò di ìgbà tó bá dé Ọ̀ffà mọ́. Èkó sí Ìbàdàn tún gba irin tuntun ní 2021. Ewu ibẹ̀ ni pé bí àwa kò bá sọ ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí fún ọmọdé, rédíò á bá wa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́njú ní 2022, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa rélùwéè ni ti Àbújá sí Kàdúná, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún náà, tí àwọn agbébọn fi ohun abúgbàù dá a dúró, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èrò lọ sínú igbó. Àbúrò mi obìnrin kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rélùwéè títí di òní olónìí.

Èdè wo ni a ó wá fi kọ ọ́? Ibí gan-an ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Wọ́n ṣe ìwé sí i, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni láti ilẹ̀ dé òkè. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí yóò ra ìwé Yorùbá mọ́. Èmi rò ó sí òdìkejì. Ìwé tí kíláàsì kò fún ọmọ, ilé ló gbọ́dọ̀ fún un, ìwé tí ọmọ ń kà nílé sì ni èyí tí kò sí ìdánwò nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni èyí tó wà nínú àpótí bàbá mi.

Kí n tún fi kan kún un, bí inú tilẹ̀ lè bí àwọn olùkọ́ wa. Bí ìyá Yàgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn, kó sọ ọ́ bí Yàgbà ṣe ń sọ ọ́. Kó kí ènìyàn ní “Okun o” bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Yorùbá àjùmọ̀lò lè máa darí ìtàn lọ. Ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnu àwọn ará Ọ̀yọ́ nìkan.

Bàbá kan ń bẹ ní àdúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ ní ìdí irin rí, tó ń fi iná pupa àti aláwọ̀ ewé darí ọkọ̀ lóru. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní kí n wá ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, kí n mú ìwé àti bírò wá, kí n sì má ṣe dé lọ́sàn-án nítorí oorun rẹ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀ffà, ní Òṣogbo tàbí ní Èbúté-Mẹ́ta, ẹ bá mi tọ̀ ọ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí a lè kó gbogbo rẹ̀ jọ ṣáájú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún tó ń bọ̀.