Rọ́bà Ẹ̀yìn Táyà: Ẹ Gba Ọlọ́jà Lọ́wọ́ Omi Gọ́tà

 

Bí òjò bá ti dá ní Ọjà Ọba, níbí ní Adó-Èkìtì, ẹ máa ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ata, ẹ̀fọ́ àti máńgòrò wà létí títì. Mọ́tò á sáré kọjá nínú omi, ẹrẹ̀ á ta sórí ọjà, á ta sára ìyá àgbà tó ń dúró de ọkọ̀, á ta sójú ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n.

Aṣọ tó bàjẹ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa. Omi gọ́tà ni omi yẹn, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ eku lè wà nínú rẹ̀. Ó lè gbé àrùn onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọnú èso tí a kì í sè ká tó jẹ ẹ́. Ọmọdé àti arúgbó ni ìgbẹ́ gbuuru tètè ń gbẹ omi ara wọn.

Rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ń so sẹ́yìn táyà lè dín omi àti òkúta tí táyà ń jù sẹ́yìn kù. Ẹni tó bá mọ síkúrúdíráfà lò lè so ó nílé. Ẹ ra èyí tó bá mọ́tò yín mu. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ yí sítíárìn dé òpin kí àyè lè ṣí lẹ́yìn táyà iwájú, kẹ́ ẹ tó pa á. Ẹ fa áńbíréèkì, ẹ fi òkúta há àwọn táyà yòókù. Ẹ fọ ẹrẹ̀ ibẹ̀ kúrò, ẹ tú síkúrù tó ti wà níbẹ̀, ẹ gbé rọ́bà sí i, kẹ́ ẹ dè é padà. Bí ẹ bá máa lu ihò tuntun, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ibẹ̀, kẹ́ ẹ má baà lu páìpù búréèkì tàbí wáyà. Ẹ fi awò bo ojú, kẹ́ ẹ sì kun ẹnu ihò náà lọ́dà kó má baà dípẹtà. Rọ́bà kò gbọdọ̀ kan táyà bí ẹ bá yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì, kò sì gbọdọ̀ wọ́ nílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún síkúrù náà dè.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Bí ọwọ́ ò bá tó táyà ẹ̀yìn láìgbé mọ́tò sókè, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá yín ṣe é. Jáàkì inú bùútù wà fún pípààrọ̀ táyà ni, kò wà fún ẹni tó fẹ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Ó lè yọ̀ lójijì, mọ́tò kékeré sì ń wúwo tó bíi 1,000 kílò. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ má sì fi síkúrù sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbé e mì. Bí irin bá gé yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì tọ́ sí yín.

Ẹ rántí pé rọ́bà ò lè dá omi tó ń ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí búréèkì ló lè ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rajà, ẹ fi omi mímọ́ fọ èso kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ tàbí àgbà, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí wọn ò kún ju etí ṣíbí lọ, mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.