Ìyáàlù Dà?

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi nílé bàbá onílù kan ní Ìwó níbí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Bàbá náà fẹ́ kí oríkì ìdílé tí òun ń fi ìyáàlù kì wà nílẹ̀ de àwọn ọmọ-ọmọ òun. Mo gbé máíkì mẹ́rin lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìyáàlù, ìṣáájú, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ dà bí ẹni tí ó dúró láàrin agbo ìlù. Èyí kì í ṣe ohun tuntun: láti 1940 ni Walt Disney ti gbé fíìmù Fantasia jáde ní Amẹ́ríkà, tí orin rẹ̀ ń ti ibi púpọ̀ jáde nínú gbọ̀ngàn.

Bí a ti ń ṣe é rèé. Sípíkà márùn-ún ni, pẹ̀lú wúfà kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní 5.1. Ẹ so okùn mọ́ àga yín, kí ẹ fi wọn ibi tí sípíkà márààrún yóò wà, kí ọ̀kan má baà jìnnà ju èkejì lọ. Ọ̀kan wà lọ́gangan iwájú. Méjì wà ní dígírì 30 lósì àti lọ́tùn-ún. Méjì tí ó kù fà sẹ́yìn, ní dígírì 110. Nínú REAPER tí èmi ń lò, ẹ sọ ọ̀nà ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan àti ti Master di 6, kí ẹ fi ReaSurroundPan gbé ìlù síbi tí ó wù yín. Bí ẹ bá ń tú u jáde, ẹ kọ 6 síwájú Channels. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra nìyí: òsì, ọ̀tún, àárín, wúfà, ẹ̀yìn òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún.

Mo fi ìyáàlù sí àárín nìkan, mo sì gbé iṣẹ́ náà lọ fún bàbá lórí fóònù. Ó fetí sílẹ̀ títí, ó ní, “Tíṣà, ìyáàlù dà? Omele ni mò ń gbọ́, n ò gbọ́ ìyá wọn.” Mo rẹ́rìn-ín sínú pé etí àgbà ti di.

Mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò: bàbá ni ó jàre! Fóònù yẹn kò mú ju ọ̀nà 1 àti 2 lọ. Àárín àti ẹ̀yìn ṣègbé. Ìtìjú bá mi.

Nítorí náà, ẹ máa ṣe oríṣi méjì: ọ̀kan fún sípíkà mẹ́fà, ọ̀kan fún méjì, kí ìyáàlù wà lọ́gbọọgba lósì àti lọ́tùn-ún. Ẹ má ṣe fi ohun pàtàkì sínú wúfà nìkan, nítorí ẹ̀rọ púpọ̀ a máa dà á nù. Ẹ fi ohùn ìlù kọ̀ọ̀kan pa mọ́ lọ́tọ̀, kí àtúnṣe lè ṣeé ṣe. Òun ni ó yọ mí.

Nígbà tí mo padà, bàbá gbọ́, ó mi orí. Ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ léèrè pé, “Kí ni ìlù wí?” Ọmọ náà fi ẹnu kì í tẹ̀lé ìlù. Ẹ̀yin ará mi, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohùn ìyá ná, kí á tó ṣe omele lọ́ṣọ̀ọ́.