A KÒ NÍ SAN OWÓ Ọ̀DÀ MỌ́



Lẹ́tà ti dé láti ilé. Ọkọ̀ fáíbà ẹgbẹ́ wa, tí ó ti ń gbé èrò lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tún ti ń jò. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì òkè rẹ̀, níbi tí èrò ń tẹ̀, ni omi ń gbà wọ inú. Wọ́n ní kí a fi owó gọ́ọ̀mù àti owó ọ̀dà ránṣẹ́. A rán an ní ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n kùn ún, ó dán, òjò sì tú àṣírí. Nísisìyí àwa wí pé ó tó gẹ́ẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Kí ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà náà? Fáíbà kì í jẹrà bí igi, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, pákó ni ó wà láàárín fáíbà òkè àti ti ìsàlẹ̀, ojú ihò sìkúrù ni omi sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Pákó ń jẹrà ní kọ̀rọ̀, òkè ń dán. Àwa oníṣòwò kò ha mọ èyí? Ta ni nínú wa tí yóò ra àpò àgbàdo láìki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀?

Iṣẹ́ tí ó yẹ nìyí. Kí wọn fi èèkù òòlù gbá òkè ọkọ̀ jẹ́jẹ́: ibi tí ó le yóò dún kó-kó, ibi tí ó ti rà yóò dún bù-bù. Kí wọn tú gbogbo sìkúrù, kí wọn fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé gọ́ọ̀mù àtijọ́, kí wọn má sì fi irin já pánẹ́ẹ̀lì, nítorí fáíbà a máa sán. Kí wọn gé pákó jíjẹrà kúrò, kí ìyókù gbẹ dáadáa nínú ọyẹ́. Kí wọn lu ihò sìkúrù fẹ̀, kí wọn fi epoxy dí i. Nígbà tí ó bá le, kí wọn lu ihò kékeré sí àárín rẹ̀. Bí omi bá tún wọlé, epoxy ni yóò bá, kì í ṣe pákó. Gọ́ọ̀mù ọkọ̀ omi ni kí wọn lò, kì í ṣe sílíkóònù balùwẹ̀, èyí tí ìyókù rẹ̀ kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mìíràn lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Kí wọn má sì fún sìkúrù pinpin lọ́jọ́ kan náà, kí gọ́ọ̀mù má baà tú jáde tán.

Àwọn kan nínú wa ní Sabon Gari ń wí pé owó iṣẹ́ yìí pọ̀, pé ọkọ̀ yóò dúró, owó kò ní wọlé. Pé kí ni ti ọ̀sà kan ẹni tí ń gbé Zaria? A dá wọn lóhùn: ìyá ta ni ń wọ ọkọ̀ náà? Irin tí arúgbó ń dì mú, inú pákó jíjẹrà yẹn ni a dè é mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ó lé ní 100 tí ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ kú sínú odò Ọya lẹ́bàá Pàtígi. Ọkọ̀ igi ni tiwọn, ohun mìíràn ni ó sì fà á. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni, kì í fún ẹni tí ó bá ṣì í ṣe ní àyè àbámọ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn kan wí pé kọ́bọ̀ kan kò ní kúrò nínú àpótí fún ọ̀dà. Kí wọn ṣí pánẹ́ẹ̀lì ná, kí ọmọ ẹgbẹ́ méjì fojú rí i, kí káfíńtà ọkọ̀ kọ iye iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà náà ni àwa ará Zaria yóò san ìpín tiwa láìkùn.