Dọ́là ni wọ́n fi ń ta irinṣẹ́ wa, náírà là ń pa

Ìparí oṣù Kejì ọdún 2024 ni ọ̀gá wa pè mí sí yàrá ìpàdé, tó na ìwé kan sí mi. Gbogbo sọ́fítíwià tí iléeṣẹ́ wa ń sanwó fún lóṣooṣù ló wà níbẹ̀. Mo kà á, ó lé ní ogún. "Ta ló yan gbogbo èyí?" Èmi ni, àbí kí n parọ́ ni?

Àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní stack: àkójọ irinṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fi ń ṣe áàpù rẹ̀, tó sì fi ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ wọ ọ́fíìsì àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù ní Yábà, ohun kan náà lẹ máa gbọ́. Orí AWS ni áàpù wà, GitHub ni kóòdù wà, Figma ni wọ́n fi ń ya ojú rẹ̀, Slack ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí.

Tiwa tún ní Kubernetes. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ lórí ìyẹn. Google ló ṣe é, ó sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2014. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa darí áàpù tó fọ́n ká sórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà: tí apá kan bá kú, yóò gbé òmíràn dìde; tí èrò bá pọ̀, yóò fi kún un. Oníbàárà tiwa kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Ó dà bíi kéèyàn háyà dáńfó mẹ́wàá láti gbé ọmọ méjì lọ síléèwé. Sọ́fítíwià yẹn fúnra rẹ̀ ò gbowó o, àwọn kọ̀ǹpútà tó jókòó lé lórí ló ń jẹ wá lówó. Kí ló dé tí mo fi yàn án? Kí n lè kọ ọ́ sínú CV mi ni. Iléeṣẹ́ òkè òkun ni mò ń wò, owó ọ̀gá mi ni mo fi ń kọ́ṣẹ́.

Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, owó náà ò dun ẹnikẹ́ni. Dọ́là kan ò ju bíi ₦460 lọ lọ́jà ìjọba. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báǹkì àpapọ̀ tú okùn lọ́rùn náírà. Kí oṣù náà tó parí, dọ́là ti kọjá ₦700. Nígbà tí ọ̀gá pè mí yìí, ó ti lé ní ₦1,500. Owó $500 tó jẹ́ ₦230,000 tẹ́lẹ̀ wá di ₦750,000, a ò sì fi irinṣẹ́ kankan kún un. Ọjà ìjọba ni mo ṣì ń sọ o. Ẹni tó bá ti fi káàdì náírà sanwó sókè òkun rí láti ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ báǹkì ti gé e sí $20 lóṣù, mọ ibi tá a ti ń lọ ṣẹ́ dọ́là.

Lóṣù yẹn gan-an ni wọ́n ní kí arábìnrin tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn máa lọ sílé. Owó oṣù rẹ̀ ò tó ohun tí à ń san fún irinṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ áàpù wa tọ̀sán-tòru, tó ń ya àwòrán tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Tí áàpù bá kú, òun ni oníbàárà ń pè, òun ló sì máa ń wá pariwo lé wa lórí pé ó ti kú. A dá ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní tòótọ́ dúró, à ń sanwó fún èyí tá ò wò.

Àwọn kan á ní irinṣẹ́ ńlá ló ń sọ iléeṣẹ́ di ńlá. Irọ́ ni. Nígbà tí Facebook ní òun máa fi bílíọ̀nù kan dọ́là ra Instagram lọ́dún 2012, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò ju mẹ́tàlá lọ. Orí Django àti PostgreSQL ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lé, méjèèjì ò gba kọ́bọ̀. Ní Amẹ́ríkà kan náà, 37signals, àwọn tó ṣe Basecamp, san $3.2 mílíọ̀nù fún cloud lọ́dún 2022. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ra kọ̀ǹpútà tiwọn. Tí dọ́là bá ń dun oní-dọ́là, àwa ńkọ́?

Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ ra kọ̀ǹpútà sínú ọ́fíìsì o. Ta ló máa bu dísẹ́ẹ̀lì sí jẹnẹrétọ̀? Ọ̀fẹ́ náà sì ní owó tirẹ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lò, kó sì jí lóru tó bá bàjẹ́. Fún oṣù méjì, èmi lẹni yẹn. A kó áàpù kúrò lórí Kubernetes, a gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí à ń háyà, Linux àti PostgreSQL ló wà lórí ẹ̀. A ò fọwọ́ kan GitHub àti ímeèlì. Irinṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ò ju méje lọ. Oníbàárà kankan ò mọ̀ pé a kó ẹrù.

Lójú tèmi, ẹni tó bá ń yan irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa rí iye rẹ̀ ní náírà, kó sì wà ní yàrá ìpàdé nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ ẹni tó máa lọ. Mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ arábìnrin yẹn.

Ọmọkùnrin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ká ra irinṣẹ́ kan, $19 péré lórí ẹnì kan lóṣù. Mo ní kó lọ ṣírò rẹ̀ ní náírà, kó wá mú un fún mi. Kò tíì padà dé.