Àwọn Akọni Tí Ó Ja Ogun Bọ́mà

Òkìtìpupa,
Ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Alàgbà Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti fèsì sí àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde, èyí tí ó sọ pé alárùú lásán ni àwọn baba wa jẹ́ nínú ogun Hitler, ìyẹn Ogun Àgbáyé Kejì. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àróbá tí í ṣe baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àbùkù kọ́ ni ó yẹ kí a fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Ní 1943 ni a dá Dífíṣọ̀n ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí àwọn akọni láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia sì kóra jọ sínú wọn. Lóòótọ́ ni alárùú wà láàrin wọn, nítorí pé ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, níbi tí ọkọ̀ kò ti rọ́nà gbà, orí ni wọ́n fi ń ru ọta ìbọn àti oúnjẹ tí ọkọ̀ òfurufú jù sílẹ̀. Ṣé ẹni tí ó ń rìn lójú ìbọn àwọn ará Japan ni a ó pè ní ẹni lásán? Àwọn dífíṣọ̀n méjèèjì yìí náà ni wọ́n jọ gba ìlú Myohaung ní oṣù kìíní ọdún 1945.

Mo wá ń bẹ àwọn ìdílé jákèjádò ilẹ̀ wa, láti Ìgbọ́tako dé Òde-Ìrèlè, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tiwọn tí ó lọ sí ogun náà sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìkálẹ̀